Ímeèlì Tí Oníbodè Dá Dúró

Ímeèlì kì í bọ́ tààrà láti ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ sí ojú ẹni tí a kọ ọ́ sí. Asẹ́ kan wà lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ya ojúlówó lẹ́tà kúrò lára pàǹtí tí gbogbo ayé ń pè ní spam, bí ajọ̀ ṣe ń ya èlùbọ́ tó kúnná sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò kúnná. Lẹ́tà tí kò bá tẹ́ asẹ́ yìí lọ́rùn lè bá ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́rin pàdé. Asẹ́ lè kọ̀ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà, kó sì sọ fún ẹni tó fi ránṣẹ́ pé òun kọ̀ ọ́. Ó lè jẹ́ kó wọlé, kó wá jù ú sínú àpò spam, níbi tí olùgbà fúnra rẹ̀ ti lè ṣí i wò. Ó lè fi í sí àhámọ́ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́, níbi tó jẹ́ pé lọ́pọ̀ ìgbà alábòójútó ímeèlì nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ó sì lè pa á rẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ló burú jù. Ẹni tó kọ lẹ́tà gbà pé ó ti dé, ẹni tí a kọ ọ́ sí gbà pé wọn ò kọ nǹkan kan, ìjà sì lè dé láàárín wọn lórí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ṣe. Kíkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà le létí, àmọ́ òótọ́ wà nínú rẹ̀, nítorí ẹni tó fi ránṣẹ́ mọ̀ pé kí òun wá ọ̀nà mìíràn. Àhámọ́ àti àpò spam ló gba àlàyé jù, nítorí pé lẹ́tà ibẹ̀ kò kú, kò sì dé. Ó wà, ó ń retí ẹni tó máa wá a.

Ìbàdàn ti mọ irú ìdádúró báyìí kí iná mànàmáná tó dé ìlú. Ní 1853 ni David Hinderer, míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ CMS (Church Missionary Society), àti Anna ìyàwó rẹ̀ wá fìdí kalẹ̀ sí Kúdẹtì ní Ìbàdàn, níbi tí ìjọ St David's wà títí dòní. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà tó gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lọ sí Èkó dí. Owó ẹyọ, oúnjẹ àti lẹ́tà láti ìlú òyìnbó kò dé ọ̀dọ̀ wọn déédéé mọ́ fún nǹkan bí ọdún márùn-ún, títí di 1865 tí àwọn tí ìjọba Èkó rán fi la igbó Ìjẹ̀bú kọjá wá sí Ìbàdàn, tí Anna sì bá wọn jáde. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹni tó wà ní Kúdẹtì kò ní àkọsílẹ̀ lẹ́tà tó há sójú ọ̀nà, ẹni tó kọ ọ́ láti Lọ́ńdọ̀nù kò sì mọ bodè tó há sí. Àkọsílẹ̀ ohun tí a dá dúró àti ìlẹ̀kùn tí ó lè gbà jáde: ohun méjì tí bodè ogun kò ní yìí ló yẹ kí a fi wọn gbogbo àhámọ́ ímeèlì ayé òde òní.

Spam fúnra rẹ̀ ti dàgbà ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún 1978, Gary Thuerk, òṣìṣẹ́ Digital Equipment Corporation ní Amẹ́ríkà, fi ìpolówó kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sí nǹkan bí ènìyàn 400 lórí ARPANET, ìyá tó bí íntánẹ́ẹ̀tì. Inú bí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní 1994, agbẹjọ́rò méjì, Canter àti Siegel, da ìpolówó ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà bo gbogbo Usenet, àwọn ẹgbẹ́ ìjíròrò orí kọ̀ǹpútà. Orúkọ spam wá láti ara ẹran inú agolo tí ẹgbẹ́ aláwàdà Monty Python fi ṣe eré lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1970: wọ́n ń pe orúkọ ẹran náà léraléra títí tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́.

Apá tó kan Nàìjíríà nínú ìtàn yìí dunni. Lẹ́tà jìbìtì tí a mọ̀ sí 419, tó gba orúkọ rẹ̀ láti abala 419 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, ti ń rìn lórí pépà àti fáàsì kí ímeèlì tó di ti gbogbo ènìyàn. Nígbà tí káfẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀ káàkiri ìlú ńlá lẹ́yìn ọdún 2000, iye tí gbájúẹ̀ kan lè fi ránṣẹ́ lóru ọjọ́ kan kọjá ohun tí ẹgbẹ̀rún akọ̀wé lè fọwọ́ kọ. Ìjọba dá EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2003. Òfin jìbìtì ti 2006 sì pa á láṣẹ fún àwọn tó ní káfẹ́ kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ EFCC. Àmọ́ orúkọ ti bàjẹ́ ná. Nínú SpamAssassin, asẹ́ ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń lò, odindi ìdìpọ̀ òfin kan wà tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ADVANCE_FEE. Iṣẹ́ wọn ni láti ka gbólóhùn irú èyí tó ń bọ̀ nínú lẹ́tà 419: ogún ẹni tó kú, mílíọ̀nù dọ́là, ọ̀gá báńkì, àṣírí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́. Cormac Herley, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Microsoft, kọ̀wé ní 2012 láti ṣàlàyé ìdí tí gbájúẹ̀ fi máa ń sọ gbangba pé Nàìjíríà lòun ti ń kọ̀wé: ẹni tí kò bá fura sí ìyẹn nìkan ló tọ́ kí gbájúẹ̀ fi àkókò ṣòfò lé lórí. Orúkọ orílẹ̀-èdè wá di ìdẹ lọ́wọ́ olè, ó sì di àmì ìfura lójú asẹ́.

Yorùbá ní ẹni tó bá jẹ gbì ni yóò kú gbì. Lẹ́nu ọ̀nà ímeèlì, ẹni tí kò jẹ nǹkan kan ni ó sábà ń kú gbì. Opó tó ń kọ̀wé sí báńkì ní òkè òkun nípa owó tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ń lo àwọn ọ̀rọ̀ kan náà tí gbájúẹ̀ ń lò, nítorí pé ọ̀ràn kan náà ni gbájúẹ̀ ń fi parọ́. Oníṣòwò aṣọ ní Ọjà'ba ní Ìbàdàn tó ń béèrè iye ọjà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ̀wé béèrè ẹ̀bùn ẹ̀kọ́, ọmọ Ìbàdàn ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń fi fọ́ọ̀mù ilẹ̀ ìdílé ránṣẹ́ sílé: lẹ́tà gbogbo wọn ní ohun tó lè mú kí asẹ́ fura.

Bí asẹ́ ṣe ń dájọ́ kò ṣòro láti lóye. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni máàkì. SpamAssassin, tó jáde ní 2001, ń fún àmì kọ̀ọ̀kan ní máàkì tirẹ̀, ó ń ro wọ́n pọ̀, bí àròpọ̀ bá sì tó 5 ó ti di spam, àyàfi tí alábòójútó bá yí òdiwọ̀n náà padà. Ọ̀nà kejì ni ìkẹ́kọ̀ọ́. Ní oṣù Kẹjọ 2002, Paul Graham kọ àròkọ kan tó mú kí ọ̀nà yìí gbilẹ̀: kí asẹ́ máa wo ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà tí olùgbà ti pè ní pàǹtí àti ti èyí tó pè ní ojúlówó, kó sì fi ìyẹn ṣírò ohun tí lẹ́tà tuntun lè jẹ́. Ọ̀nà kẹta ń wo ẹni tó gbé lẹ́tà wá. Láti 1997 tí Paul Vixie ti bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀, àti láti 1998 tí Spamhaus ti wà, àwọn ìwé orúkọ wà tí wọ́n ń kọ àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà tó ń fi pàǹtí ránṣẹ́ sí.

Ọ̀nà kẹta yìí ló ṣe aláìṣẹ̀ níbi jù láyé káfẹ́. Gbogbo kọ̀ǹpútà inú káfẹ́ kan sábà ń jáde sí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú àdírẹ́sì kan ṣoṣo, nítorí náà bí ẹnì kan bá fi jìbìtì ránṣẹ́ lóru, ẹni tó wá fi ìwé ìwáṣẹ́ ránṣẹ́ ní òwúrọ̀ lè bá orúkọ káfẹ́ náà nínú ìwé ẹ̀sùn. Lónìí tí ọ̀pọ̀ ń lo Gmail tàbí Yahoo lórí fóònù, kọ̀ǹpútà Google tàbí ti Yahoo ló ń gbé lẹ́tà jáde, wàhálà yẹn sì ti dínkù. Àmọ́ ó ṣì ń bá ilé-ẹ̀kọ́, ìjọ àti ilé-iṣẹ́ kéékèèké tó ń yá àyè fún wẹ́ẹ̀bù wọn fínra. Ọgọ́rọ̀ oníbàárà ni wọ́n ń kó sórí kọ̀ǹpútà kan, bí a ṣe ń kó ayálégbé sínú àgbàlá kan; bí ọ̀kan bá ń ta pàǹtí, gbogbo ilé ló ń pín nínú orúkọ burúkú náà.

Èdè Yorùbá náà ní ìṣòro tirẹ̀ níbẹ̀. Asẹ́ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ látinú ọ̀rọ̀ tó ti rí kò lè mọ ohun tí kò rí rí. Ibi tí kò ti rí lẹ́tà Yorùbá tó pọ̀, ìkíni lásán kò ní ìwọ̀n kankan lójú rẹ̀. Àwọn àmì mìíràn, bí àdírẹ́sì tuntun tàbí fáìlì tí a so mọ́ ọn, ló máa wá dá ẹjọ́ náà. Nínú SpamAssassin, alábòójútó lè to orúkọ èdè tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń gbà, kí lẹ́tà tó bá wà ní èdè mìíràn gba máàkì ìfura. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn, tó sì kọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan sílẹ̀, lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn aládùúgbò rẹ̀ síta.

Ìtọ́jú àhámọ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí mímọ ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́. Lórí Gmail ti ara ẹni, olùgbà ló ni ín: ó máa ṣí àpò Spam, yóò tẹ ibi tó sọ pé lẹ́tà náà kì í ṣe spam, lẹ́tà á padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, asẹ́ á sì rí ẹ̀kọ́ kọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tó yẹ kí a sọ jáde. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń mùra fún yunifásítì ló jẹ́ pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ládùúgbò ló ṣí ímeèlì fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB. Òun ló mọ ọ̀rọ̀ aṣínà, nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ ló sì wà níbẹ̀ nígbà mìíràn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní àpò spam tó lè yẹ̀ wò, ìmọ̀ràn tó wà nínú àròkọ yìí kò sì lè wúlò fún un kó tó gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà. Kí àwọn òbí béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà náà lọ́jọ́ tí wọ́n san owó, kí ọmọ sì yí i padà lórí fóònù tirẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní ilé-iṣẹ́, ó yẹ kí asẹ́ máa fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ó kéré tán: ẹni tó kọ̀wé, àkọlé, ọjọ́, àti ìdí tí a fi dá a dúró. Alábòójútó tó bá ń dá lẹ́tà dúró láìjẹ́ kí ẹni tó ni ín mọ̀ ti sọ ara rẹ̀ di oníbodè ogun. Bí alábòójútó bá fẹ́ mọ ìdí, kó ṣí orí lẹ́tà náà, apá tí ojú kì í sábà rí. Ibẹ̀ ni SpamAssassin ń kọ ìdájọ́ rẹ̀ sí ní ìlà kan, irú èyí: X-Spam-Status: Yes, score=6.3 required=5.0. Orúkọ gbogbo òfin tí lẹ́tà náà rú ń tẹ̀ lé e. Lẹ́tà tó gba 6.3 nítorí pé wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ gbogbo àkọlé rẹ̀, tí kò sì ní ọ̀rọ̀ kankan ju àwòrán kan lọ, yàtọ̀ pátápátá sí èyí tó gba 6.3 nítorí pé àdírẹ́sì tó ti wá wà nínú ìwé Spamhaus. Ti àkọ́kọ́, ẹni tó kọ ọ́ lè tún un kọ. Ti kejì, ilé-iṣẹ́ tó yá a láyè ló gbọ́dọ̀ lọ wẹ ara rẹ̀ mọ́.

Kí a tó tú lẹ́tà sílẹ̀, kí a wo àdírẹ́sì gangan tó wà lábẹ́ orúkọ tó hàn, nítorí pé ẹnikẹ́ni lè kọ orúkọ báńkì sórí àdírẹ́sì tirẹ̀. Kí a má tẹ ìlà aláwọ̀ búlúù inú rẹ̀. Bí ó bá ní báńkì lòun ti wá, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM ni kí a pè, kì í ṣe èyí tó wà nínú lẹ́tà. Èyí tí asẹ́ bá sọ pé kòkòrò kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀, alábòójútó ni kó fọwọ́ kàn án. Pàǹtí gidi kò sì yẹ ní fífèsì, àní láti fi sọ pé kí wọ́n dẹ́kun, nítorí èsì ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹnì kan wà nílé.

Ìwé àyẹ̀sílẹ̀ wà pẹ̀lú, ìyẹn orúkọ àwọn tí asẹ́ kò gbọdọ̀ dá dúró mọ́. Gmail ń jẹ́ kí olùgbà ṣe irú rẹ̀ nípa pípàṣẹ pé lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan kò gbọdọ̀ lọ sínú Spam láéláé. Àdírẹ́sì ẹnì kọ̀ọ̀kan ní kíkún ló dára kí a kọ síbẹ̀. Ẹni tó bá kọ gmail.com lódindi ti gba gbogbo ayé láyè, àti olóòótọ́ àti olè.

Wíwá ni iṣẹ́ tó le jù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ̀rètí nù láìtọ́jọ́. Àpótí ìwákiri Gmail kì í wo inú Spam bí a kò bá pàṣẹ fún un. Ẹni tó tẹ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ síbẹ̀ tí kò rí nǹkan máa rò pé lẹ́tà kò dé, nígbà tó jẹ́ pé ó wà ní ìgbésẹ̀ kan péré sí i. Kí ó tẹ in:spam ṣáájú ọ̀rọ̀ tó ń wá, tàbí in:anywhere bí ó bá fẹ́ kí ó wo gbogbo igun ilé. Ẹni tó ń retí lẹ́tà láti Yunifásítì Ìbàdàn lè tẹ in:anywhere from:ui.edu.ng after:2025/09/01, gbogbo ohun tó bá ti ibẹ̀ wá láti ọjọ́ yẹn á sì jáde, ì báà jẹ́ inú pàǹtí ló wà. Nínú àhámọ́ Microsoft 365, a lè fi ẹni tó kọ̀wé, ẹni tí a kọ ọ́ sí, àkọlé, ọjọ́, tàbí nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń pè ní Message-ID wá lẹ́tà. Èyí tó kẹ́yìn dájú jù, nítorí pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ẹni tó fi ránṣẹ́ lè rí i nínú àpò ohun tó ti fi ránṣẹ́, kó sì fi sọwọ́ lórí WhatsApp.

Ọjọ́ máa ń tan ènìyàn jẹ. Aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú aago àgbáyé tí wọ́n ń pè ní UTC, UTC yìí sì ni ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ àhámọ́ ń lò. Lẹ́tà tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ ní Kúdẹtì ní aago 12:30 òru ọjọ́ Ajé máa wà lábẹ́ 23:30 ọjọ́ Àìkú. Ẹni tó bá wá a lábẹ́ ọjọ́ Ajé nìkan kò ní rí i.

Àmì ohùn ló wá fa wàhálà tó jinlẹ̀ jù. Kò sí kódù kan ṣoṣo fún ọ́: ọ ní tirẹ̀, àmì òkè ní tirẹ̀, kọ̀ǹpútà sì ń lẹ̀ wọ́n pọ̀ ni. Ẹnì kan lè tẹ o, kó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, kó tó fi ti òkè. Ẹlòmíràn lè tẹ ọ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó wá fi àmì òkè lé e. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni. Ètò ìwákiri tó dára máa ń sọ wọ́n di ọ̀kan kó tó fi wọ́n wéra, èyí tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ á ní òun kò rí nǹkan kan. Àwọn mìíràn sì ń fi ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán sí abẹ́ o dípò àmì tóótó, kódù ìyẹn sì yàtọ̀ pátápátá. Bí a bá wá yọ gbogbo àmì kúrò kí ìwákiri lè rọrùn, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀ àti oko á di ọ̀kan. Ẹni tó ń wá lẹ́tà nípa ọkọ̀ tó rà á bá ti ìyàwó tó ń ṣàròyé ọkọ pàdé.

Ohun mìíràn tún wà lábẹ́lẹ̀. Láti 1996 ni òfin RFC 2047 ti ń sọ bí a ó ṣe di àkọlé tó bá ní àmì kí ó lè bá ọ̀nà ímeèlì kọjá. Àkọlé tí a kọ báyìí, Ìpàdé, lè wà nínú fáìlì àhámọ́ báyìí: =?UTF-8?B?w4xww6Bkw6k=?=. Alábòójútó tó bá fi ọ̀rọ̀ náà wá fáìlì ọ̀hún láìkọ́kọ́ tú u kò ní rí i títí ayé, á sì búra fún ẹni tó ni lẹ́tà pé kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń wá lẹ́tà Yorùbá, àdírẹ́sì ẹni tó kọ ọ́ ni kó kọ́kọ́ fi wá a, kó tó kan ọjọ́. Kí àkọlé kẹ́yìn. Ìyẹn kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kọ Yorùbá láìfi àmì sí i. Ètò ìwákiri ló yẹ kó yí padà, àwọn Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà sì ni ó yẹ kó béèrè rẹ̀.

Ẹni tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ náà lè dín ìdádúró kù. Ìwé ẹ̀rí mẹ́ta ló wà: SPF ń sọ kọ̀ǹpútà tó láṣẹ láti gbé lẹ́tà ilé-iṣẹ́ kan jáde, DKIM ń fi òǹtẹ̀ sí lẹ́tà kí ó lè hàn bí ẹnikẹ́ni bá yí i lójú ọ̀nà, DMARC ń sọ ohun tó yẹ kí olùgbà ṣe bí méjèèjì bá kùnà. Láti oṣù Kejì 2024, Google àti Yahoo ti sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di dandan fún ẹni tó bá ń fi lẹ́tà púpọ̀ ránṣẹ́. Ti Google, òdiwọ̀n rẹ̀ ni 5,000 lóòjọ́ sí àwọn àdírẹ́sì Gmail. Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kò tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ìwé ẹ̀rí náà kò ná an ní owó tó pọ̀, iṣẹ́ ọ̀sán kan ló sì jẹ́ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Lẹ́tà inú àhámọ́ ṣì jẹ́ ti ẹni tí a kọ ọ́ sí. Òfin ìdáàbòbò ìwífún ti 2023 ní Nàìjíríà kan àwọn tó ń pa ìwífún ènìyàn mọ́, lẹ́tà tí a dá dúró sì kún fún un: èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, nọ́ńbà báńkì, ọ̀rọ̀ láàárín tọkọtaya. Àkọlé àti ẹni tó kọ ọ́ tó fún alábòójútó láti fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá di dandan kó ṣí inú rẹ̀, kó kọ ọjọ́ àti ìdí sílẹ̀.

Àhámọ́ kì í pa lẹ́tà mọ́ títí. Gmail ń pa ohun tó wà nínú Spam rẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 30. Microsoft 365 ń tọ́jú ọ̀pọ̀ spam inú àhámọ́ fún ọjọ́ 15 sí 30, gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí alábòójútó bá yàn, kò sì sí ẹni tó lè tú u sílẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ẹni tó bá dé ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, ẹni tó kọ lẹ́tà ló máa bẹ̀ kó tún un fi ránṣẹ́.